Ta Ni Yóò Gbé Òkúta Ìyá Òkè?

Àgó Èsúrú, ní ẹ̀bá títì,
Ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán.

Mọ́dínà, Àbẹ̀kẹ́ mi,

A ti ṣí páànù ilé wa. Yàrá tí mo bí ọ sí ti di gbangba, oòrùn ń ràn sí ibi tí bẹ́ẹ̀dì wà tẹ́lẹ̀. Kò sẹ́ni tó kú, kò sẹ́ni tó ń ṣàìsàn, má jẹ́ kí àyà rẹ já. Abúlé wa ló ń sọ̀ kalẹ̀. Gbogbo ará Àgó Èsúrú ti fi orí òkè sílẹ̀ wá sí ẹ̀bá títì, níbi tí ọkọ̀ Ọ̀sí àti ti Ìlọfà ti ń kọjá. Ìyá bàbá rẹ, Ìyá Òkè, nìkan ló kù lókè. Òun, àwọn ewúrẹ́ rẹ̀, àti ààrò rẹ̀. Ó ní òun kò lọ.

Ó ti pẹ́ tó yẹ kí n sọ fún ọ. Ṣùgbọ́n nígbàkúùgbà tí o bá pè, ohun tí o fi ń bẹ̀rẹ̀ ni pé, "Màámi, ẹ bá mi tún yàrá Ìyá Òkè ṣe o, ibẹ̀ ni mò ń bọ̀ wá bímọ sí." Èmi á ní kò burú, màá sì yára béèrè bóyá ẹ ti jẹun. Mo tún ń gbọ́ ohùn ìyá ọkọ rẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ, mo sì mọ̀ pé tí mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́, ẹkún ló máa gbẹ̀yìn rẹ̀, wọn á rò pé nǹkan ti ṣe wá. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú bírò. Awakọ̀ tó ń kó iṣu lọ sí Ìlọrin yóò mú lẹ́tà yìí dé ọ̀dọ̀ rẹ.

Òjò ti ń ṣú lọ́wọ́ Odò-Ọ̀wá. Ògiri ẹ̀yìn ilé Ìyá Òkè ti sán, mo ti ọwọ́ mi bọ ibẹ̀, ó wọlé dé ọrùn ọwọ́. Tí òjò ńlá kan bá rọ̀ sí i, mi ò mọ̀. Ọ̀rọ̀ náà sì wà lọ́wọ́ rẹ, ọmọ mi. Màá ṣàlàyé. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ bá ọ sọ àwọn ohun tí ó yẹ kí n ti sọ lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ, torí lọ́jọ́ yẹn ariwo pọ̀, ẹkún tèmi náà sì pọ̀ ju ọ̀rọ̀ lọ.

Èkínní. Tí o bá dé ilé ọkọ, má tètè fi orúkọ tìrẹ pe nǹkan wọn. Dákẹ́, gbọ́ ohun tí wọ́n ń pè é ná.

Nígbà tí mo dé láti Èrúkù, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ilé ẹ̀kọ́ girama, mo rò pé kò sí ohun tí mi ò mọ̀. Ìyá Òkè mú mi lọ sí oko ìrẹsì tó wà lẹ́yìn àpáta. A kọjá ní ibi kan tí ògiri àtijọ́ ti wó di òkìtì, igi irúgbá kan dúró láàrin rẹ̀, òkúta méjì sì wà nílẹ̀ tí èérú ti wọ̀ lára. Mo ní, "Ìyá, ahoro ta nìyí?"

Ó dúró. Ó sọ igbá orí rẹ̀ kalẹ̀. "O ní kí ni?"

"Ahoro, mà. Ibi tí wọ́n fi sílẹ̀ yìí."

Ó gbé igbá rẹ̀ padà sórí, ó ń lọ níwájú mi, ó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀: "Wọ́n rán ọmọ lọ sí sùkúù ní Èrúkù, wọn ò kọ́ ọ ní ẹnu." Nígbà tí a délé, ó sọ fún gbogbo àdúgbò. Àwọn ìyàwó ilé ń pè mí ní Ìyá Ahoro títí mo fi bí ọ. Bàbá rẹ náà pè mí bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, mo kọ̀ láti gbé oúnjẹ fún un lálẹ́ ọjọ́ náà, kò pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ulé àná ni wọ́n ń pe ibẹ̀, ilé àná. Ìwọ náà mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀ láti kékeré, o ò tiẹ̀ béèrè ìdí rẹ̀ rí. Ìyá Òkè ló wá sọ ìdí rẹ̀ fún mi nígbà tí inú rẹ̀ rọ̀, a jọ ń fọ irú lójú ìsun. Màá kọ ọ́ síbí bó ṣe sọ ọ́, torí ọmọ inú rẹ yóò bi ọ́ lọ́jọ́ kan.

Ó ní nígbà ogun, tí àwọn èèyàn ń sá gun orí àpáta, ọkùnrin kan àti ìyàwó rẹ̀ jáde láti ọ̀nà Ọbbo. Wọn ò mọ ibi tí wọ́n ń lọ. Wọ́n dé ẹ̀yìn àpáta, wọ́n rí èsúrú tó ń hù fúnra rẹ̀, ó fà kiri bí ohun tí kò ní ẹni tó ni ín, ó ti so dáadáa. Ọkùnrin náà ní kí àwọn dúró níbẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ní, "Èsúrú kì í gbin ara rẹ̀. Ẹnìkan ti gbé ibí rí." Wọ́n wá a, wọn ò rí ẹnikẹ́ni. Wọ́n sun èsúrú náà jẹ, wọ́n sì tún gbin òmíràn padà fún ẹni tó ni ín, bóyá ó máa wá. Kò wá. Ibẹ̀ ni orúkọ Àgó Èsúrú ti wá. Ìyẹn ni pé kì í ṣe àwa la kọ́kọ́ débẹ̀. Ìyá Òkè fẹ́ràn láti máa sọ ìyẹn tí àwọn ọkùnrin bá ń jà lórí ààlà.

Ìyàwó yẹn, Àbẹ̀kẹ́, òkúta ààrò kan wà nísàlẹ̀ ẹrù rẹ̀ tó rù láti Ọbbo. Ọkọ rẹ̀ ò mọ̀. Ó ń bínú pé ẹrù náà wúwo, ó ní kí ló wà nínú rẹ̀, obìnrin náà ní aṣọ ni. Ó fi méjì sílẹ̀ nílé tó ti kúrò, ó gbé ọ̀kan. Nígbà tí ogun parí tí wọ́n kúrò lẹ́yìn àpáta wá sí ibi tí a bí ọ sí, wọ́n tún ṣe bẹ́ẹ̀: wọ́n fi méjì sílẹ̀, wọ́n gbé ọ̀kan náà. Òkúta méjì tí mo rí lọ́jọ́ yẹn nìyẹn. Wọ́n ní níwọ̀n ìgbà tí méjì bá jókòó síbẹ̀, wọn ò ní pe ibẹ̀ ní ahoro. Àṣà ilé tiwa ni. Mi ò rí i ní Èrúkù, mi ò gbọ́ ọ ní Ìlọfà.

Àlùfáà wa ti wá wo ọ̀rọ̀ náà, torí àwọn kan ń kùn. Ó bi Ìyá Òkè pé, "Ṣé ẹ ń bọ òkúta yìí ni?" Ìyá ní, "Mò ń se iṣu lórí rẹ̀. Ṣé ẹ ò jẹ nínú rẹ̀ nígbà ààwẹ̀ tó kọjá?" Àlùfáà rẹ́rìn-ín, ó ní òkúta ni, kí wọ́n máa fi dáná.

Èkejì. Má fi ojú kéré ọ̀nà, má sì fi ìgbéraga dúró lórí òkè. Mo mọ̀ pé inú rẹ yóò bàjẹ́ sí wa pé a ṣí kúrò. Èmi wà lára àwọn tó sọ ọ́ nípàdé pé kí a sọ̀ kalẹ̀. Mo dìde, mo sọ̀rọ̀ níwájú àwọn àgbà. Ohun tí mo sọ ni bí mo ṣe bí àbúrò rẹ Súlè. Òjò ti gé ọ̀nà, ọ̀kadà kankan ò lè gòkè. Wọ́n fi àga gbé mi sọ̀ kalẹ̀, bàbá rẹ níwájú, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn, wọ́n ń yọ̀ lórí àpáta, ẹsẹ̀ mi ń kan ẹrẹ̀. Ìdí igi kaṣú, ní ìsàlẹ̀ òkè, ni mo bí i sí, kí a tó rí ọkọ̀. Ọlọ́run ló ṣe é. O kéré nígbà yẹn, ohun tí o rántí ni pé wọ́n fún ọ ní bisikíìtì.

Torí náà nígbà tí ìyá ọkọ rẹ sọ pé o ò gbọdọ̀ wọ ọkọ̀ wá sílé báyìí, má bínú sí i. Òótọ́ ló sọ. Èmi náà kò fẹ́ kí o wá. Láti Odò-Ọ̀wá títí dé ọ̀dọ̀ wa, kòtò ló kún ojú ọ̀nà, tí òjò bá sì bẹ̀rẹ̀ yóò burú sí i. Máa lọ sí ìpàdé aláboyún lọ́jọ́ tí wọ́n bá dá fún ọ. Tí ara rẹ bá ṣe bákan, sọ ọ́ lójú ẹsẹ̀, má dúró títí ọkọ rẹ yóò fi ti ibi iṣẹ́ dé. Ṣé ẹsẹ̀ rẹ ń wú? Gbé e sókè tí o bá jókòó. Mo mọ̀ pé mo ti sọ èyí lórí fóònù. Mo tún ń sọ ọ́.

Òmíràn tún wà, mi ò mọ iye tí mo ti kà. Lórí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ. Nígbà tí o wá kẹ́yìn, o ní, "Mo fẹ́ wọ ilé." Ìyá Òkè na ọrùn síta, ó ní, "Ta ni àlejò yìí? Ẹ gbé omi fún un." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, ìwọ nìkan lo fajú ro. Kò sí ohun tó burú nínú kí o máa sọ̀rọ̀ bí ará Ìlọrin ní Ìlọrin. Èmi náà ń kọ lẹ́tà yìí bí wọ́n ṣe kọ́ wa ní kíláàsì. Ṣùgbọ́n tí o bá gbé ọmọ náà lọ́wọ́, sọ "ulé" fún un dípò "ilé" nígbà mìíràn, sọ "usu", sọ "ugi", bí a ti ń sọ ọ́ ní Àgó. Kò ná ọ ní nǹkan kan. Ọmọ a máa gba ọ̀nà méjì, bí o bá ti ń sọ méjèèjì fún un láti kékeré.

Tó bá sì béèrè ibi tí ìyá rẹ̀ ti wá, má kàn sọ pé Kwara tàbí pé Ọ̀sí. Sọ fún un pé tí èèyàn bá ti Ọ̀sí ń bọ̀, kó máa wo ọwọ́ ọ̀tún. Yóò rí àpáta kan tó pá lórí tí ìdí rẹ̀ kún fún igi. Níwájú àpáta ni Àgó wà. Ìsun wà nísàlẹ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ òsì, omi rẹ̀ kì í gbẹ, àfi kí ó kéré tí ọyẹ́ bá mú. Ó ń ṣàn lọ bá odò tó gba ìdí oko ìrẹsì kọjá. Ẹ̀yìn àpáta ni ulé àná. Mo ń kọ ọ́ torí pé láìpẹ́, ẹni tó bá ń kọjá lójú títì kò ní mọ̀ pé ẹnikẹ́ni gbé òkè yẹn rí. Ilé tuntun wa dára o. Kànga ẹ̀rọ wà, iná ń tàn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, Súlè kì í sì í rìn jìnnà lọ sí sùkúù mọ́. Àmọ́ eruku ọkọ̀ pọ̀, tí mo bá sì jí láàárọ̀, mo ṣì máa ń wá àpáta níbi tí kò sí.

Ó yá, jẹ́ kí n padà sórí òkúta.

Ìyá Òkè ní òun kò kọ̀ láti sọ̀ kalẹ̀. Òun ń dúró de ẹni tí yóò gbé òkúta ni. Nínú ìran kọ̀ọ̀kan, ọmọbìnrin tí wọ́n kọ́kọ́ wẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò náà ló ń gbé e. Ọmọ ilé ni Ìyá Òkè, òun ni wọ́n kọ́kọ́ wẹ̀ lọ́jọ́ tirẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní agbára òun kò gbé e mọ́. Láàrin ẹ̀yin ọmọ ọmọ, ìwọ ni. Òun fúnra rẹ̀ ló wẹ̀ ọ́ níbẹ̀, èmi ń wò ó láti ẹnu ọ̀nà, mò ń bẹ̀rù pé yóò jẹ́ kí o bọ́.

Bàbá rẹ rò pé òun gbọ́n. Ó ní tí òkúta bá ti délẹ̀ lójú títì, ìyá òun á tẹ̀ lé e. Ìyá lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn ewúrẹ́ rẹ̀, bàbá rẹ bá gbé ọ̀kadà gòkè, ó kó òkúta sínú àpò, ó dè é mọ́ ẹ̀yìn, ó sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ayọ̀. Ó tò wọ́n sínú ilé ìdáná tuntun. Ó wá padà lọ pe ìyá rẹ̀.

"Ìyá, ẹ ká lọ. Ààrò yín ti ń dúró dè yín nísàlẹ̀."

Ìyá Òkè yọjú wo ilé ìdáná rẹ̀. Ó yọjú wo ẹ̀yìn ilé. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

"Ìwọ ọmọ yìí. Ààrò tí mo fi ń din àkàrà lo gbé lọ! Ẹ̀yìn ilé lo ti kó o. Ṣé o ò jẹun nílé yìí rí ni?"

Bàbá rẹ ní, "Òkúta kì í ṣe òkúta ni?"

"Lọ bi ìyàwó rẹ."

Èmi náà ti gòkè wá wo Ìyá lọ́jọ́ náà, mo dúró síbẹ̀, mò ń wo ilẹ̀. Mo ti rí i nígbà tó ń kó wọn sínú àpò. Mo mọ̀ pé ààrò àkàrà ni. Ìyá Òkè yí ojú sí mi, ó ní, "Ìwọ Ìyá Ahoro, o mọ̀, o ò sọ."

Mo ní, "Kò bi mí, mà."

Ó ní, "Èwo ni òkúta náà?"

Mo nàka sí i. Èyí tó tẹ̀ díẹ̀ ni, lápá ẹnu ọ̀nà, tó máa ń jẹ́ kí ìkòkò fì sọ́tùn-ún, tí mo fi ń ki àpáàdì sí abẹ́ ìkòkò láti ọjọ́ tí mo ti wọlé wọn. Mo lè dáná lórí rẹ̀ ní ìdijú. Ìyá wò mí pẹ́. Ó ní kí n bá òun kó èérú.

Nígbà tí mò ń kó o ni mo sọ fún un pé o ò lè wá, pé oyún rẹ ti wúwo, pé ọ̀nà kò dára. Mo rò pé yóò bínú. Ó ní, "Ta ló ní kó wá? Kó jókòó jẹ́jẹ́. Ṣùgbọ́n kí ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ẹni tí yóò bá òun gbé e. Tí mo bá ti gbọ́ ohùn rẹ̀, ọjọ́ náà ni mò ń sọ̀ kalẹ̀."

Ohun tí mo ń fẹ́ lọ́wọ́ rẹ nìyẹn, Mọ́dínà. Orúkọ kan. Àǹtí rẹ, àbúrò bàbá rẹ, ní Ọ̀sí ti gbọ́, ó ní òun ń retí, ọmọ ilé sì ni lóòótọ́. Ọmọ rẹ̀ obìnrin náà wà, ó lágbára. Ẹni tí ọkàn rẹ bá mú ni kí o pè. Èmi kò ní bá ọ dá sí i.

Mo ti ka ibi tí mo kọ yẹn, irọ́ ni. Mo fẹ́ kí o pe èmi. Ọdún tí mo ti lò nídìí ààrò yẹn ju iye tí mo lò nílé bàbá mi lọ, wọ́n ṣì ń pè mí ní ọmọ Èrúkù. Mi ò bínú sí i, ọmọ Èrúkù ni mí. Àmọ́ nígbà tí Ìyá wò mí lọ́jọ́ yẹn, mo rí i pé ó ń rò ó, kò kàn lè fi ẹnu rẹ̀ sọ ọ́. Mo sì rántí ìtàn tó sọ fún mi lójú ìsun. Obìnrin tó gbé òkúta náà láti Ọbbo, tó ní aṣọ ni, kì í ṣe ọmọ ilé. Ìyàwó ni.

Tí o bá pe ẹlòmíràn, màá ṣì bá a gòkè lọ, màá bá a di òṣùká, mi ò ní fajú ro. Mo ṣèlérí.

Má fi lẹ́tà dáhùn, lẹ́tà yóò pẹ́. Sọ̀rọ̀ sínú wáásáàpù bàbá rẹ, sọ ọ́ kí ó ṣe kedere, torí etí Ìyá ti ń wúwo. Bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìkíni. Sọ "ulé" kí ó mọ̀ pé ìwọ ni. A óò gbé fóònù náà gòkè lọ bá a kí ó fi etí ara rẹ̀ gbọ́.

Kí ọkọ rẹ fún mi, àti ìyá rẹ̀. Ọlọ́run yóò sọ̀ ọ́ kalẹ̀ láyọ̀.

Òjò ti ń kù lẹ́yìn àpáta bí mo ṣe ń kọ èyí. Jọ̀ọ́, tètè dá wa lóhùn.

Èmi ni ìyá rẹ,
Màmá Súlè.